Ọwọ́ Rẹ Lára Ògiri

Ọ̀kà, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, 1921

Abẹ̀ní mi,

Wọ́n ti tún ògiri wa rẹ́.

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ṣiṣẹ́ akọ̀wé fún Ajẹ́lẹ̀ ní Ìkàrẹ́, mo sì fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bí mo ṣe dé lọ́sàn-án yìí, Ẹ̀bùn sáré pàdé mi, amọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá wo iṣẹ́ wa. Irú èyí tí Ìyá kọ́ wa ni."

Ibi tí ìwọ àti àwọn ọmọ tẹ ọwọ́ sí, tí ẹ fi osùn kùn ún, ti di amọ̀ tuntun, ojú ọwọ́ mìíràn sì ti wà lára rẹ̀.

"Èyí ni tèmi. Èyí tó tóbi yẹn, ti ìyàwó tuntun ni."

Ẹ̀gbọ́n mi ò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí ààrò. "Ìyàwó tí a fẹ́ fún ọ ni, ọmọ Ìkun. Àwọn òbí rẹ̀ ti gba iṣu ìdána wa, ó sì wá kí wa láàárọ̀. Àbí kó máa wo ọwọ́ òkú lójoojúmọ́ ni?"

Ó mọ̀ pé mo máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé tìrẹ kí n tó jáde. Òun nìkan ni mo sọ ọ́ fún.

Ì bá sàn ká ní òun nìkan ló rẹ́ ẹ. Eré tí o kọ́ àwọn ọmọ rẹ ló fi tàn wọ́n tí wọ́n fi bò ọ́ mọ́lẹ̀.

Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ọwọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti obìnrin náà. Ẹ̀bùn ń fà mí. Inú rẹ̀ dùn débi pé mi ò lè bá a wí. Mo ní ó ti rẹ̀ mí, kó di ọ̀la.

Ó gbà. Kò mọ̀ pé amọ̀ náà á ti gbẹ.