Ìbọn Tí Ọkọ Mi Máa Yìn Níbi Ìṣípà Bàbá Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, irọ́ ni mo pa fáwọn ará ilé wa. Táíwò ọmọ mi kò já bọ́ lórí igi máńgòrò o. Bàbá rẹ̀ ló ṣẹ́ ẹ lápá... ẹ má tíì bú u.

Sójà lọkọ mi. Ọdún kejì rèé tó ti ogun Làìbéríà dé, tó rìtáyà, tó ń roko ẹ̀gẹ́ ní Igbó-Ọrà níbí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í na ọmọ. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀sán gangan, a wà lóko, àwọn kan ń sun ìgbẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, koríko gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàpàpà... kí n tó ṣẹ́jú, ó ti tari Táíwò lulẹ̀ láàárín ebè, ó dùbúlẹ̀ lé e, apá ọmọ sì ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ó ń pariwo orúkọ èèyàn tí n ò mọ̀. Ọmọ ń ké, kò gbọ́. Mo fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó ń lù kìkìkì, òógùn bò ó. Nígbà tójú rẹ̀ wálẹ̀, ó sunkún. Ó ní kí n búra pé n ò ní sọ, kí wọ́n má baà ní orí òun ti dàrú. Mo búra. Èmi ni mo ronú kan irọ́ igi máńgòrò.

A yọ́ lọ sí Ìbàdàn. Dókítà ní nǹkan kan wà nínú ara gbogbo èèyàn, họ́mónù ló pè é, tó máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bí ewu bá dé, kéèyàn lè jà tàbí kó sá. Ó ní ti ọkọ mi ò tíì mọ̀ pé ogun ti parí, ariwo díẹ̀ báyìí, ó ti tú jáde. Ó ní kì í ṣe wèrè. Ó fún un lóògùn, ó sì ní kó jìnnà sí ìbọn.

Ìbọn kẹ̀! Ọdẹ ni bàbá ọkọ mi, wọ́n kú lóṣù tó kọjá. Àwọn ọdẹ ti dá ọjọ́ ìṣípà tí wọ́n máa fi yọ bàbá kúrò lẹ́gbẹ́ ọdẹ. Láti Ìgàngàn títí dé Èrúwà ni wọ́n ti ń bọ̀ wá yìnbọn, àkọ́bí ni yóò sì kọ́kọ́ yìn. Ọkọ mi ni àkọ́bí. Àràárọ̀ ló ń nu ìbọn bàbá rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Tí mo bá sọ fún ìyá ọkọ mi, ìbúra mi ńkọ́? Ṣé wọn ò ní ní mo ba ọmọ wọn lórúkọ jẹ́? Tí mo bá sì dákẹ́ ńkọ́? Àná ló sọ fún mi, kò wo ojú mi, pé tọ́jọ́ bá pé, kí n kó àwọn ìbejì lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Lánlátẹ̀. Mo ti di ẹrù wọn... ṣùgbọ́n ọmọ àwọn aládùúgbò tó máa wá wòran ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n sọ fún?