Ìka Mélòó Nìyí, Ìyá?

Bùrọ̀dá Mùkáílà, mo jẹ yín ní òótọ́ kan, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ san án. Irọ́ ni mo pa nígbà tí mo ní Ìyá rí fọ́tò ọmọ yín. Wọ́n dorí ẹ̀ kodò lọ́wọ́, wọ́n ní, “Ó mà jọ bàbá ẹ̀ o.”

Ẹ kú àjò Àbíjàn. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Qàwíyyàt mi ti wọ girama.

Mo mú Ìyá lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó bo ojú òsì wọn, ó na ọwọ́ sókè.

“Ìka mélòó nìyí, Ìyá?”

“Ṣé o ò mọ iye ìka ẹ ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú ọ̀tún ti lọ, kò lè padà. Ìwọ̀nba ló kù sí tòsì, àfi ká máa kán oògùn sí i lójoojúmọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ni ìgò kan lóṣù. Màá máa rà á.

Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de Iléyá, kí Ìyá lè fi ojú kan tó kù rí yín. Ọlọ́run á mú yín dé láyọ̀.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni mo dá fún Ìyá pé èsì yín máa dé.

Àbúrò yín,
Rùkáyátù