Ife Màmá Nínú Ilé Ńlá

Ojúlé Kẹsàn-án, Ọ̀nà Etí-Òkun,
Erékùṣù Tamsey,
South Carolina.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 2019.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ezra,

Báwo ni òtútù Philadelphia? Ṣé ẹsẹ̀ Delphine ìyàwó rẹ ti gbà á láti rìn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà níbí. Mo ṣì máa ń da kọfí sínú ife méjì láàárọ̀ kí n tó rántí pé Màmá ti lọ.

Ọ̀rọ̀ ife ló mú mi kọ̀wé. O rántí ife búlúù tí Màmá ń lò, èyí tí ìyá rẹ̀ àgbà mú bọ̀ láti Ilé Ńlá níbi tó ti ń dáná, nínú oko òwú tí wọ́n ti fi àwọn ẹni wa ṣẹrú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, èmi ni mo dá ìdí rẹ̀ lu tí mo sì dojú rẹ̀ dé sórí sàréè Màmá, ní itẹ́ òkú wa lẹ́yìn Ilé Ńlá, bí a ti ń ṣe fún gbogbo òkú wa, kí ikú má baà padà wá mú ẹlòmíràn nínú ilé. Ìwọ lo gbé òòlù fún mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ́ tó ń tún Ilé Ńlá ṣe ṣí i fún àlejò. Èmi àti Àǹtí Rosetta lọ wò ó. Inú àpótí onígíláàsì ni mo ti rí ife Màmá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti ìyàwó olóko ni.

Mo bi Míìsì Whitcomb, olórí wọn, níbi tó ti rí i.

Ó ní, "Lórí ààtàn ẹ̀yìnkùlé ni, láàárín àwo fífọ́. Ẹ wo ìdí rẹ̀, ó ti lu."

Mo ní, "Èmi ni mo dá a lu."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e fún mi: "Ó yá, ẹ máa mú un lọ sílé."

Ara fu mí. Ta ní ń fi nǹkan sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ báyẹn? A kì í gbé òkúta sórí sàréè wa. Àwo àti ìkarawun nìkan ni àmì. Bí mo bá mú ife yìí náà lọ, kí ló ṣẹ́ kù tó máa sọ pé òkú wà níbẹ̀? Wọ́n sì ní wọ́n ń wá ibi tí ọkọ̀ àlejò yóò máa dúró sí.

Mo ní kó fi ibi tó ti mú un hàn wá. Wọ́n ti tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, koríko ti bò ó. Míìsì Whitcomb ṣáájú wa. Ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó dúró síbi orí sàréè Màmá gan-an.

Àǹtí Rosetta fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Verlene, ṣé o ń wo ẹsẹ̀ obìnrin yìí? Ó yà fún sàréè ìyá mi, ó yà fún ti Amos ọkọ mi. Kò tẹ ẹnì kan mọ́lẹ̀ o."

Ó mọ̀, Ezra. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti mọ̀ pé itẹ́ òkú ni, kì í ṣe ààtàn.

Mo dojú ife náà dé padà sí àyè rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Àǹtí ń gbé àga lọ síbẹ̀ láti ṣọ́ ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ìdí ti ń dun òun, kí o tètè máa bọ̀.

Bá mi kí Delphine, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wo ojú ọ̀nà,
Verlene