Má Gbé Ìbọn Sọdá Afárá

Vernon ọkọ mi,

Marcy ọmọ wa pè ní ìdájí pé òun ti ń rọbí. Oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ lọ ni, àánú rẹ ṣe mí, mi ò jí ọ. Mo ti ń lọ bá a ní New Jersey. Máa bọ̀ tí o bá jí.

Má wá ìbọn nínú jákẹ́ẹ̀tì rẹ. Èmi ni mo tì í mọ́ inú àpótí irin. Ìwé àṣẹ tí Pennsylvania fún ọ kò ṣiṣẹ́ lódìkejì afárá, ẹ̀wọ̀n ni. O máa ní, "Darla, ta ló máa rí i lábẹ́ aṣọ?" Ọlọ́pàá kan péré ti tó.

Mo mọ̀ pé látìgbà tí àwọn olè ti lù ọ́ nílé epo, ọkàn rẹ kì í balẹ̀ láìsí i. Má bínú sí mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ òfo ni kí o gbé wá. Ọmọ la fẹ́ gbé lé e.

Darla