Màmá Adédìran Tí Wọ́n Gbàdúrà Kí Ìfófó Má Bẹ́ (1951–2025)

Òde-Rẹ́mọ ni wọ́n bí Màmá wa, Rosaline Mojísọ́lá Adédìran, sí lọ́dún 1951, nínú ìdílé Jayéọlá. Olùkọ́ ìjọ ni bàbá wọn. Ìyá wọn ń ṣe ọṣẹ dúdú tà, ìfófó ọṣẹ náà sì ni Màmá fi ṣeré dàgbà. Wọ́n ní bí ìfófó kan bá bẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹkún ni.

Wọ́n kàwé mẹ́wàá ní Ṣágámù, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán inú ara. Lọ́dún 1976, wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọlábánjí Adédìran, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tó ti ṣáájú wọn lọ. Ọ̀dà ara ilé kò tíì gbẹ tán tí tọkọtaya náà fi kó wọ Festac.

Iṣẹ́ síkáànì ni Màmá ṣe nílé-ìwòsàn ìjọba títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2011. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, Màmá ló kọ́kọ́ rí yín láyé. Bí aláboyún bá bi wọ́n pé ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin, wọn a ní, "Ènìyàn ni."

Ní ìjọ wọn ní Kuje, lẹ́bàá Festac níbí, àwọn ni aṣáájú àdúrà àwọn ìyá ní gbogbo Ọjọ́rú. Lọ́dún 2020, ìbúgbàmù Abúlé Adó mi ilé tìtì, gíláàsì fèrèsé wọn sì fọ́ yángá. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá lè bẹ́, ọ̀tá Màmá ni. Wọn ò jẹ́ kí a so bàlúùnù níbi ọjọ́ ìbí ọmọ-ọmọ wọn.

Lọ́dún 2022, dókítà sọ pé ẹran ọkàn Màmá ti ń rẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí tí Tèmilọlá ọmọ wọn ń ṣe lókè òkun kò sì jìnnà sí àìsàn náà. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń so jíìnì, ìyẹn àṣẹ àbímọ́ni tí ara fi ń tún ara ṣe, mọ́ ìfófó tín-ín-tín, wọ́n á gún un sínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá dé ọkàn, wọ́n á darí ìró síkáànì, èyí tí etí kì í gbọ́, sí i. Ìfófó á bẹ́, jíìnì á wọ ibi tí a rán an. Ara eku ni wọ́n ṣì ti ń dán an wò. Ẹ̀bẹ̀ Màmá kò ju kan lọ: kí àwọn fojú rí i kó ṣiṣẹ́ kí ọkàn àwọn tó dákẹ́.

Àmọ́ ibi tí Tèmilọlá ti ní nǹkan á bẹ́ nínú ọkàn ni àyà Màmá ti já. Ọjọ́rú dé, gbogbo ìyá ìjọ fọwọ́ sókè: kò ní bẹ́ o! Àmín ọjọ́ náà, bóyá ni wọn ò gbọ́ ọ dé Ijegun-Egba. Nígbà tó yá, Tèmilọlá fẹkún pè wá: ìfófó náà kọ̀, kò bẹ́. Màmá gba fóònù, wọ́n ní:

"Ṣé ó yẹ kó bẹ́ ni? Yéè! Ọlọ́run ti gbọ́ tiwa ju bó ṣe yẹ lọ."

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀lé e, wọ́n yí àdúrà padà: kó bẹ́ o! Ìfófó sì bẹ́. Tèmilọlá ní ìró tí àwọn tún ṣe ló fà á. Màmá ò bá a jiyàn, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, fídíò dé sórí fóònù Gbádébọ̀, àkọ́bí wọn. Màmá wọ ìgò ojú. Ìfófó tàn funfun nínú ọkàn eku, ìró dé, gbogbo rẹ̀ bẹ́, ojú ibẹ̀ ṣú. Tèmilọlá ní jíìnì ti wọlé, ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Màmá ní, "Mo rí i." Ni Tèmilọlá bá bú sẹ́kún pé kò lè tètè dé ara ènìyàn, kò ní bá ọkàn Màmá.

Màmá ní, "Ta ló ní tèmi ni? Gbogbo ọmọ tí mo rí nínú ìyá wọn ńkọ́? Ọkàn tiwọn náà á rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ."

Ní oṣù karùn-ún, Màmá sùn, wọn ò jí mọ́. Ó dùn wá wọra. Wọ́n fi Gbádébọ̀ àti Tèmilọlá sáyé, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ: Ìrètíolúwa, Seth àti Dammy.

Ẹ̀yin ọmọ tí Màmá rí kí ẹ tó dáyé, àdúrà Ọjọ́rú ṣì ń lọ ní Kuje. Ẹ dákun, kó máa bẹ́ níbi tó yẹ ni kí ẹ wí o.

Màmá wa, ẹ ti rí i. Ẹ sùn ire.