Dúrọ́ọ̀mù Mi Kún

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Òjò àná ti kún dúrọ́ọ̀mù tí mo gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Mo fi àwọ̀n bò ó nítorí ẹ̀fọn. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Láti ìgbà tí mo ti wá kàwé ní Ọ̀fà, ìdí kànga àdúgbò nìkan ni wọ́n ti ń kí mi. "O kú omi o, àlejò wa." Ta ni yóò kí ẹni tó ń bu omi lẹ́yìn ilé ara rẹ̀?

Mo tún gbé korobá lọ síbẹ̀ lónìí. Mọ́mì Ṣadé, tó máa ń gbé omi rù mí, ló kọ́kọ́ rí mi.

"Háà! Olódúrọ́ọ̀mù! Ṣé o tún fẹ́ bá wa du kànga ni? Lọ bu tilé jàre, omi kànga yìí ò tó àwa gan-an."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà," mo sì gbé korobá òfìfo padà. Kí ni ǹ bá sọ? Pé kì í ṣe omi ni mo wá pọn...

Ojú ọ̀run tún ti ṣú. Gbogbo àdúgbò ló ń retí òjò. Èmi nìkan ni mò ń bẹ̀bẹ̀ kó má rọ̀.