Bí Òkun Makaha Ṣe Rí Láàárọ̀

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù kìíní

Ó yé mi lónìí! Ìgbì ńlá kì í dá wá. Mẹ́rin, márùn-ún ló ń tẹ̀ léra wọn, kí òkun tó mí díẹ̀. Ibi tó ti ń mí yẹn ni Bàbá àgbà ń wò, kì í ṣe ìgbì. Mo jókòó sétí òkun Makaha, mo ka ìṣẹ́jú rẹ̀: kò pé méjì. Kò lè tó arúgbó láti gbé eérú ìyàwó wọn, tí a sun lẹ́yìn ikú, kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́.

Mo gun kẹ̀kẹ́ padà sílé nínú àfonífojì. Ẹsẹ̀ Bàbá àgbà ti wú, wọn kò lè sọ̀ kalẹ̀ wá wo òkun mọ́. "Kaikoʻo," mo ní. Òkun ń ru. Wọ́n ní èdè erékùṣù wa ti ń dá ṣáká lẹ́nu mi, pé Ọ́régọ̀n ti ń jáde lára mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kàwé níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6

Makaha — kaikoʻo. Etí òkun Maili — atẹ́gùn da ojú omi rú. Pokai nìkan ló dákẹ́, àmọ́ Màmá àgbà, tí a fẹ́ da eérú wọn sómi, kò fi pákó gun ìgbì ní Pokai rí láyé wọn.

Ọjọ́bọ̀, 8

Kaikoʻo. Ó ga ju òrùlé wa lọ. Àwọn ọmọkùnrin etí òkun ń hó: "Ìgbì ọdún rèé, ìwọ wá jókòó bí ẹni tí wọ́n jí pákó rẹ̀!" Mo ń ka ìṣẹ́jú lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 11

Dókítà ní ọkàn Bàbá àgbà ti rẹ̀ pátápátá. Oṣù yìí lè má tán lójú wọn. Bí wọ́n bá wọ omi, wọn kò ní jáde. Àǹtí Pualani, ọmọ wọn, ní ká fi ọkọ̀ gbé wọn dé ibi tí wọn yóò ti da eérú náà. Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn.

"Pualani, ṣé ẹrù ni mí? Orí pákó lèmi àti ìyá rẹ ti pàdé. Ẹni tó bá gbé eérú, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń wa omi."

Wọ́n kọjú sí mi. "Ọmọ Ọ́régọ̀n, ìwọ lojú mi. Ọjọ́ tí o bá ti ní 'malie', mo ti dìde nìyẹn."

Malie: òkun dákẹ́.

Ọjọ́rú, 14

Kaikoʻo. Eérú ṣì wà lórí àga Màmá àgbà. Bàbá àgbà kò fọwọ́ kan poi, oúnjẹ kókò gígún wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 16

Malie. Láti Makaha dé Nanakuli, omi tẹ́ bí ẹní. Mo rí àpáta nísàlẹ̀ rẹ̀. Kódà Ọlọ́pàá — omi tó máa ń ti èèyàn padà létí òkun, èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ — sùn fọnfọn.

Mo délé. Wọ́n ti wọ ṣòkòtò tí wọ́n fi ń wọ òkun.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Kaikoʻo."

Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa ní èdè wa nìyẹn. Wọ́n ní mo pè é dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

Ó ṣì dákẹ́. Mo tún purọ́. Wọ́n bọ́ ṣòkòtò náà, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri.

Rédíò ní ìgbì ńlá ń bọ̀ láti àríwá lọ́jọ́ Ajé, kò ní lọ bọ̀rọ̀. Ọ̀la nìkan ló kù. Bí mo bá sọ òótọ́, èmi ni mo mú wọn lọ kú sínú omi. Bí mo bá purọ́, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọn yóò kú sí, eérú ìyàwó wọn lórí àga. Àǹtí Pualani ní kí n pa ẹnu mi mọ́.

Ìwọ tí o bá ṣí ojú ewé yìí, jọ̀ọ́, Bàbá àgbà yóò bi mí láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọ̀la. Kí ni kí n sọ?